Òpin sáà kẹfà Line of Duty: ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

Àdùkẹ́_Wòran

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Line of Duty, eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n ní Bìrìtéènì, wò látòkè délẹ̀ ni, gbogbo apá 36, láti 2012 tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé 2 May 2021 tí sáà kẹfà parí. Bó ṣe parí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó dákun má kà kọjá ibí, torí mo fẹ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Fún ẹni tó ti pẹ́ tó wò ó gbẹ̀yìn: AC-12 ni ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń tọpinpin àwọn ọlọ́pàá tó ń hùwà jẹgúdújẹrá. Ted Hastings ni ọ̀gá ibẹ̀, Steve Arnott àti Kate Fleming ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ní òpin sáà kẹta, Dot Cottan, ọmọ AC-12 tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọ̀daràn lábẹ́lẹ̀, kú lójú Kate. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ọ̀gá pátápátá kan tí wọ́n ń pè ní "H". Ní sáà karùn-ún, wọ́n tún fídíò bí Cottan ṣe kú wò, wọ́n rí i pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Títẹ̀ mẹ́rin yẹn ni H nínú àmì Morse. Wọ́n ní ohun tó ń sọ ni pé èèyàn mẹ́rin ló wà nídìí ọ̀ràn náà, kì í ṣe ẹnì kan. Mẹ́ta ti hàn. Ó ku ẹnì kẹrin.

Ẹnì kẹrin ọ̀hún wá já sí Ian Buckells. Buckells tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ sí ẹni tí iṣẹ́ kì í yá lọ́wọ́ rẹ̀!

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ìdáhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́ nípa bí ìwà ìbàjẹ́ ṣe ń rí ẹsẹ̀ dúró. Kì í ṣe ọlọ́gbọ́n àrékérekè kan ló ń darí rẹ̀, àwọn aláìbìkítà tó ń gbowó tí wọ́n sì ń dijú ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ eré náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa láti máa wá olórí. Ọdún ń gorí ọdún, "Ta ni H?" ni wọ́n ń fi sí wa lẹ́nu. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún wa níkẹyìn pé kò sẹ́ni lórí àga yẹn, ó yẹ kí ẹnì kan nínú eré ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí ìbéèrè náà tipẹ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wá, ìdáhùn ìbéèrè mìíràn ni wọ́n fún wa.

Kí lẹ̀yin rí sí i?

Jagun_Atọpinpin

Àǹtí Àdùkẹ́, mo kí yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Òpin yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gidi gan-an.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nínú eré àdììtú ni pé, ṣé ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà ti wà lójú wa látìbẹ̀rẹ̀? Ní 1929, àlùfáà kan tó tún ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ronald Knox, kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó fi ṣáájú ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹni tí wọ́n bá mú wọlé lójijì nígbà tí nǹkan fẹ́ parí, ìrẹ́jẹ ni.

Buckells ti wà níbẹ̀ láti sáà kìíní. Ẹ lọ wo ipò rẹ̀. Ní 2012, inspẹ́kítọ̀ ni. Nígbà tó tún yọjú ní sáà kẹrin ní 2017, ó ti di ṣíìfù inspẹ́kítọ̀. Ní sáà kẹfà, ó ti di súpíríńtẹ́ńdẹ́ǹtì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ń gun àkàsọ̀ lọ sókè, ojú gbogbo wa ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ń gbé e ga.

Ẹ tún wo "definately" yẹn. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà bá ẹgbẹ́ ọ̀daràn sọ̀rọ̀ kò mọ̀ ọ́n kọ, "a" ló máa ń fi sí ibi tó yẹ kí "i" wà. Ní sáà karùn-ún, Hastings díbọ́n pé òun ni H, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, gbogbo ayé bá figbe ta pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Nínú apá tó kẹ́yìn, wọ́n bá àṣìkọ kan náà nínú ohun tí Buckells fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹni tí a ń pè ní ọlọ́gbọ́n féfé, àṣìkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tú àṣírí rẹ̀! Ó bá irú ẹni tó jẹ́ mu rẹ́gí.

Ìyá_Ire

Jagun, gbogbo ẹ̀rí tí ẹ kà sílẹ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí lè pé kí inú má dùn. 12.8 mílíọ̀nù èèyàn ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní Bìrìtéènì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n wá gbọ́ ju orúkọ lásán lọ.

Ọ̀rọ̀ Marcus Thurwell, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, ló bí mi nínú jù lọ. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, a rí i pé James Nesbitt ni, òṣèré tí kò ṣe é fi pamọ́. Ọkàn gbogbo wa bá lọ síbẹ̀ pé ọ̀gá wọn rèé. Ìgbà tó yá, ọlọ́pàá ilẹ̀ Spéìn bá òkú rẹ̀. Ó tán. Kò rìn, kò sọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Gbajúmọ̀ tó ń ṣe é ni wọ́n fi tàn wá, kì í ṣe ohunkóhun tó wà nínú ìtàn. Ìyẹn ò dáa. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣì wá lọ́nà gbọ́dọ̀ ní ìtàn tirẹ̀, kí ìgbà tí a fi ń fura sí i má bàa ṣòfò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí eré yìí wà.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á dún, á máa dún lọ gbọọrọ, kò sí ẹni tó máa la ẹnu títí yóò fi dákẹ́. Ẹni tí wọ́n pè á ní òun lẹ́tọ̀ọ́ kí ọlọ́pàá tó fi ipò kan ga ju òun lọ, ó kéré tán, wá bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Fóldà á ṣí, wọ́n á ní kó wo nọ́ńbà báyìí báyìí. Kò sí ìbọn, kò sí eré sísá, síbẹ̀ èèyàn ò ní lè mí dáadáa. Ọgbọ́n méjì ló ń wọ̀yá ìjà níbẹ̀.

Pẹ̀lú Buckells, ìjà yẹn kò sí. Ó ń tún un sọ ṣáá pé òun ò ní nǹkan sọ, nígbà tó sì wá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kéré: owó ni wọ́n fún un, iṣẹ́ ni wọ́n rán an, òun kàn ń jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìran yẹn rọ̀. Èmi gbà pé Jed Mercurio, tó kọ eré náà, mọ̀ọ́mọ̀ mú un rọ̀ ni. Ó fẹ́ ká wọ yàrá tí a fẹ́ràn jù, ká má bá ọ̀tá tó tó ọ̀tá níbẹ̀. Ìgboyà ni fún òǹkọ̀wé láti ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn tó pọ̀ tó yẹn.

Ibi tí mo ti bá a jà ni ohun tó tẹ̀lé e. Pé àwọn tó wà lókè, pàápàá Osborne tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, yóò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, pé agbára AC-12 kò sì tíì rọ tó báyìí rí, inú àkọlé tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n la ti kà á. A kò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú gbogbo eré, lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́! Ká ní wọ́n fún wa ní ìran kan ṣoṣo tí Osborne ti ń buwọ́ lùwé, tí Hastings ń wò ó, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé eré náà kò ní òpin.

Bàbá_Eré

Ẹ̀yin ọmọ mi, àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láyé ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà tí The Fugitive parí ní Amẹ́ríkà ní 29 August 1967, nǹkan bí 78 mílíọ̀nù èèyàn ló wò ó. Dókítà tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ìyàwó rẹ̀ ti ń sá kiri láti 1963 tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ọkùnrin ọlọ́wọ́ kan tó rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló wá pa obìnrin náà? Ọlọ́wọ́ kan ọ̀hún náà ni. Kò sí ìyàlẹ́nu níbẹ̀ rárá, ó sì tẹ́ èèyàn lọ́rùn, torí ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí aláìṣẹ̀ bọ́.

Ti Dallas yàtọ̀. Wọ́n yìnbọn fún J.R., gbajúmọ̀ inú eré náà, ní March 1980, ó di November kí wọ́n tó sọ ẹni tó yìn ín. Kristin, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ni. Ó lé ní 80 mílíọ̀nù tó wò ó. Ìdúró yẹn dùn ju ìdáhùn lọ, kò sì sẹ́ni tó bínú, nítorí eré ń bá a lọ lọ́sẹ̀ kejì.

Twin Peaks ló yẹ kí ẹ fi kọ́gbọ́n. David Lynch àti Mark Frost tó ṣe eré náà kò fẹ́ tètè sọ ẹni tó pa Laura Palmer. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ló ni wọ́n lára. Wọ́n sọ ọ́ ní November 1990, nígbà tí sáà kejì ṣì gùn níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn òǹwòran ń yẹra díẹ̀díẹ̀, ó sì kógbá wọlé ní 1991. Ní òdìkejì, The Killing ti Amẹ́ríkà parí sáà kìíní ní 2011 láì sọ ẹni tó pa Rosie Larsen. Inú bí àwọn èèyàn burúkú-burúkú. 2012, ní òpin sáà kejì, ni wọ́n tó gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ìwọ Jagun, bí ẹni náà bá tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ àti ohun tí wọ́n ti jẹ́ kí èèyàn máa retí ṣì wà níbẹ̀.

Ojú_Inú

Bàbá, ẹ ṣeun. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Broadchurch. Apá mẹ́jọ péré ni sáà kìíní rẹ̀, lórí ITV, 2013. Wọ́n bá òkú Danny Latimer, ọmọ ọdún 11, létí òkun. Ọlọ́pàá méjì, Alec Hardy àti Ellie Miller, ló ń wá apànìyàn. Ẹni tó ṣe é ni Joe, ọkọ Ellie gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni bí wọ́n ṣe pín apá kẹjọ yẹn. Wọn ò fi orúkọ náà pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Apá náà ò tíì jìnnà tí a ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo àkókò tó kù, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe balẹ̀ sára àwọn èèyàn ni wọ́n fi ń hàn wá. Hardy pe Ellie jókòó nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ellie kò kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Nígbà tó yé e, ó ní irọ́ ni, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Olivia Colman tó ń ṣe Ellie ṣe ìran yẹn débi pé mo dá a dúró kí n tó lè máa bá a lọ. Nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kó rí Joe, ẹsẹ̀ ló fi ń ta á, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wọ́ ọ jáde.

Ó ku ibì kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, Ellie ti bi obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Wright, tí ọkọ rẹ̀ ti fi ìwà ibi ba ayé àwọn ọmọ wọn jẹ́, pé báwo ni kò ṣe ní mọ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Nígbà tó yá, Beth, ìyá Danny, bi Ellie ní ìbéèrè kan náà. Ìbéèrè tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló padà wá bá a. Kò sí ẹ̀rí ìka ọwọ́ tàbí ti fóònù tó lè tó ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè: ta ni Buckells jẹ́ sí Steve? Ta ló jẹ́ sí Kate? Ta ló jẹ́ sí Hastings? Nígbà tí wọ́n mú un, ọkàn ta ló bàjẹ́ nínú wọn? Ibẹ̀ ni mo rò pé nǹkan ti yẹ̀. Ká ní òun náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gba Steve lẹ́mìí là rí, tàbí ó ti dúró ti Kate nígbà ìṣòro, gbogbo wa ì bá ti máa sunkún dípò ká máa jiyàn.

Jagun_Atọpinpin

Ojú_Inú, ohun tí ẹ sọ nípa Broadchurch tún ṣàlàyé ìdí tí òpin sáà kẹta Line of Duty fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Láti òpin sáà kìíní ni àwa òǹwòran ti mọ̀ pé Cottan ni abẹ́nú tó ń ta wọ́n. Kò sí àdììtú kankan fún wa. Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ni kò mọ̀. Ó ti fẹ̀sùn ara rẹ̀ kan Steve, Steve wà nínú wàhálà, Kate sì ń rọra tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí Cottan jókòó sí àga ẹni tí wọ́n ń bi léèrè, ojú rẹ̀ nìkan la ń wò: ìgbà wo ni yóò mọ̀ pé Kate ti mọ̀? Lẹ́yìn tó sá, tí ìbọn ń dún, òun kan náà ló tún fi ara gba ọta tó ń bọ̀ wá bá Kate. Ọ̀dàlẹ̀ yẹn kú bí ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ rèé, kò sí ìyàlẹ́nu nípa ẹni tó jẹ́.

Mo ṣì dúró lórí pé Buckells tọ̀nà. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fi Cottan hàn wá dára ju ti Buckells lọ.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́

Ìwádìí kan wà tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ní Yunifásítì California ní San Diego fún àwọn èèyàn ní ìtàn kéékèèké kà. Wọ́n ti sọ òpin ìtàn fún àwọn kan ṣáájú, wọn ò sọ fún àwọn yòókù. Àwọn tó ti mọ òpin ló ní àwọn gbádùn rẹ̀ jù, kódà nínú àwọn ìtàn ọ̀daràn tí gbogbo adùn rẹ̀ dà bíi pé ó wà nínú àìmọ̀.

Ìtàn tí èèyàn ń kà tán lẹ́ẹ̀kan náà ni o. Wọn ò fi ọdún mẹ́sàn-án dúró dè é.

Ìyá_Ire

Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Láàárín 2019 àti 2021 tí a ń dúró de sáà kẹfà, àwọn èèyàn ń wo ìran kọ̀ọ̀kan padà, wọ́n ń ya àwòrán ìka ọwọ́, wọ́n ń ka orúkọ gbogbo ọ̀gá tó ní H nínú. Ìdúró yẹn di gbèsè lọ́rùn òǹkọ̀wé. Bó bá mú ìdáhùn kékeré wá, àfi kó fi nǹkan ńlá mìíràn tì í.

Àdùkẹ́_Wòran

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún lọ wo apá tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ojú_Inú lọ́kàn. Nǹkan ńlá tí Ìyá_Ire ń béèrè wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fi sí ni kò jẹ́ ká rí i.

Ẹ rántí John Corbett ní sáà karùn-ún, ọlọ́pàá tó wọ àárín ẹgbẹ́ ọ̀daràn bí ọ̀kan nínú wọn. Hastings lọ bá Lee Banks, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn náà, lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúńbú Corbett, Ryan Pilkington ló sì ṣe é, ọmọ tí a ti mọ̀ láti sáà kìíní tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri fún wọn. Látìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pariwo rẹ̀: ṣé Hastings ló sọ fún Banks pé ọlọ́pàá wà láàárín wọn? Kí ló dé tó fi gbé £50,000 fún opó Corbett?

Nínú apá tó kẹ́yìn, Hastings lọ bá Carmichael, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó sì jẹ́wọ́ fún un pé òun ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí há a mọ́ igun. Adrian Dunbar tó ń ṣe Hastings sọ ọ́ bí ẹni tó ti ru ẹrù náà títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́ kán. Ọkùnrin tó ti ń pariwo òtítọ́ àti òfin láti sáà kìíní, ẹnu rẹ̀ ló pa ẹnì kan. Gbogbo ohun tí Ojú_Inú ní Buckells kò ní ló wà níbẹ̀: ẹni tí a fẹ́ràn, ẹ̀ṣẹ̀ tó lójú, Steve tó ti ń fura sí i.

Tí èmi bá ni mo kọ ọ́, ìdajì àkọ́kọ́ ni màá ti tú àṣírí Buckells, bí Broadchurch ti ṣe, kí gbogbo èèyàn tètè gbé ìrètí H sọ̀ kalẹ̀. Màá wá fi ìyókù jìn Hastings, níwájú Steve àti Kate, nínú yàrá yẹn gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún gbọọrọ. Gbogbo ohun tí wọ́n nílò ló wà lọ́wọ́ wọn. Ètò rẹ̀ ni wọ́n tò lódì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Hastings lórí àga yẹn, kí Kate jẹ́ ẹni tó ń bi í? Kò ní ṣeé ṣe, àǹtí. Ipò Kate kò ga jù ú lọ. Carmichael ló máa bi í, Steve àti Kate á wà lẹ́yìn gíláàsì.

Àdùkẹ́_Wòran

Ìyẹn tún dáa jù. Kí wọ́n máa gbọ́ ọ, kí wọ́n má lè sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ire

Tí wọ́n bá ṣe é báyẹn, màá gba Buckells láì jiyàn. Ti Thurwell nìkan ni n kò ní gbà.